Ọjọ́ Tí Mo Pọn Màmá Háwá Gun Òkè

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú mi wá kiri nígbà tí mo dé Banjul ni òkè. Ìgbẹ́tì ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ òkè Ìyámọ̀pó, níbi tó jẹ́ pé tí èèyàn bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àpáta ló máa kọ́kọ́ rí. Ní Banjul, mo ṣílẹ̀kùn, ojú ọ̀run ni mo rí. Mo wo ọ̀tún, iyanrìn. Mo wo òsì, omi. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ títí ó fi wọnú òkun, kò sì sí ohun tó ga ju òrùlé ilé lọ àfi mọ́ṣáláṣí àti àwọn ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sí èbúté. Ọrùn dùn mí fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo sì gbà pé àìrí nǹkan gbójú sókè wò ló fà á.

Nígbà tí mò ń wí yìí, Bátọ́ọ̀sìtì ni ìwé ìjọba ṣì ń pe ìlú náà, ṣùgbọ́n Banjul ló wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Síkírátù, ló ní kí n wá. Abọ́ tánganran àti bàsíà ló ń tà lọ́jà, ó sì fẹ́ ẹnì kan tó máa gbé díẹ̀ kiri fún òun. Yàrá kan la gbà ní Jọ́lọ́ọ̀fù Táùn, nínú agboolé àwọn tí wọ́n ń pè ní Àkú. Fìrítáùn làwọn baba ńlá wọn ti wá, Mùsùlùmí ni wọ́n bíi tiwa, èdè tí wọ́n ń sọ sì dà bí òyìnbó tó ti jáde nílé tipẹ́tipẹ́ tí kò rántí ọ̀nà padà mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, màmá arúgbó tó ni ilé náà, Màmá Háwá, bá mi nídìí kànga tí mo ń fọṣọ. Ó ní, "Kúṣẹ́ o." Inú mi dùn débi pé mo fi aṣọ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú Yorùbá sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé wọ́n jí dáadáa, pé ọmọ ìlú ibo ni wọ́n, pé ìgbà wo ni wọ́n ti délé gbẹ̀yìn. Màmá fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi sọ tán. Lẹ́yìn náà ó tún ní, "Kúṣẹ́ o," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Rakíà ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá fi òyìnbó là mí lọ́yẹ̀ pé bí àwọn ṣe ń kí èèyàn nìyẹn, pé kì í ṣe pé àwọn gbọ́ èdè mi. Mo padà sídìí aṣọ. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn rí ojúlùmọ̀ lókèèrè, tó juwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, tó wá rí i pé ẹlòmíì ni.

Iṣẹ́ mi ni kí n ru abọ́ láti ọjà lọ sí èbúté, níbi tí àwọn tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ti ń rà á fún oúnjẹ ọ̀sán wọn. Wólóòfù ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ nínú rẹ̀: wàáwù, ìyẹn ni bẹ́ẹ̀ ni. Ohun yòówù tí wọ́n bá bi mí, wàáwù ni mò ń fi dáhùn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan mú bàsíà tó tóbi jù nínú ọjà mi, ó bi mí ní nǹkan, mo ní wàáwù, ó gbé e sórí, ó sì ń lọ. Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó bi mí ni pé ṣé kí òun máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó padà wá, ó sanwó, ó sì rà ju ohun tó fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rín ti gba gbogbo agbára rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Yàsín, obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa, sọ pé òun gbọ́dọ̀ kọ́ mi ní Wólóòfù kí n tó fi gbogbo ọjà ẹ̀gbọ́n mi tọrẹ. Ó sì kọ́ mi; èdè Àkú ní tirẹ̀, inú agboolé ni mo ti ń gbọ́ ọ títí ó fi wọ̀ mí lẹ́nu. Kí oṣù mélòó kan tó pé, oníbàárà kan ná ọjà lọ́wọ́ mi títí, ó wá bi mí pé abúlé wo létí odò ni mo ti wá. Ó ti rò pé ọmọ ilẹ̀ náà ni mí. Mo fò sókè. Mo sáré lọ sọ fún Yàsín, ó sì fún mi ní ẹja kan.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ irú èyí kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ti dé yàrá, ilé ló máa ń wá sọ́kàn mi. Mo máa ń sọ̀rọ̀ òkè Ìgbẹ́tì ṣáá, fún ẹni tó bá bi mí àti ẹni tí kò bi mí, débi pé Olókè ni wọ́n ń pè mí lọ́jà. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a bá ìyá wa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Kò rọrùn nígbà yẹn. A kọ́kọ́ kọ̀wé sí àbúrò ìyá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìyá mi wọkọ̀ láti Ìgbẹ́tì lọ dúró ní ọ́fíìsì rẹ̀, àwa náà sì lọ jókòó sílé ìfìwéránṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi pè wá. Mò ń gbọ́ ìyá mi bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Ó ní báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Mo ní ó tẹ́ bí àwo. Ó ní, ṣé kò sí òkè kankan ni? Mo ní kò sí. Mo pe hẹ́lóò, hẹ́lóò, mo rò pé wáyà ti já.

Ó wá ní, "Kí lo wá ń wò, tó o bá fẹ́ wo nǹkan?"

Nígbà tí a jáde níbẹ̀, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo fẹ́ padà sílé. Kò bá mi jà. Ó ní kí n jẹ́ kí òjò kásẹ̀ nílẹ̀ ná, pé ọkùnrin kan wà ní èbúté tó mọ ọkọ̀ ojú omi tó máa ń lọ sí Èkó, pé òun máa bá a sọ̀rọ̀.

Rakíà gbọ́ pé mo fẹ́ lọ. Ó wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní èmi tí mò ń fi àwọn ṣẹ̀sín pé ilẹ̀ àwọn kò lókè, pé àwọn lókè o, mi ò kàn tíì dé ibẹ̀ ni. Ó ní lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń dín kù, àwọn obìnrin ilé àwọn máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sórí òkè kan létí òkun lápá Brúfùtù. Wọ́n á gbàdúrà níbẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á padà. Ìyá Màmá Háwá ṣe é, ìyá ìyá rẹ̀ náà ṣe é. Màmá fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣáájú wọn kí orúnkún tó dá a dúró sílé. Rakíà ní kí n bá àwọn lọ, kó tó di pé mo lọ máa parọ́ mọ́ àwọn nílé. Mo ní mo gbọ́. Yàsín ní òun náà ń bọ̀, pé òun fẹ́ wo bí Olókè ṣe ń gun òkè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan wá gbé wa. A jókòó sáàárín ìkòkò àti ẹní. Obìnrin kan ti wà nínú ọkọ̀ náà kí gbogbo wa tó wọlé, ó fi gèlè bo ojú, ó ń sùn, oníkálukú sì rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìbátan ni. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Dípákúńdà, níbi tí ìrìn ẹsẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, ni obìnrin náà ṣí ojú. Màmá Háwá ni. Rakíà fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí awakọ̀ dá Màmá padà sílé lójú ẹsẹ̀. Màmá ti gba igi kan lọ́wọ́ ọmọge kan, ó ti ń lọ níwájú. Ó yíjú padà ó sọ fún Rakíà pé òun lòun bí i, kì í ṣe Rakíà ló bí òun. Bí ìrìn wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo ti rò pé ìrìn orí ilẹ̀ tó tẹ́ kò lè jẹ́ nǹkan kan fún ẹsẹ̀ mi. Iyanrìn ló kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kan, ó gba ìdajì rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ. A gba oko ẹ̀pà kọjá, a gba oko ọkà kọjá, oòrùn mú, aṣọ lẹ̀ mọ́ wa lára. Nígbà tó yá a wọnú igbó. Igbó náà tutù, ọ̀pẹ pọ̀ níbẹ̀, ìtàkùn so igi mọ́ra wọn, àwọn ìjímèrè sì jókòó lókè tí wọ́n ń wò wá bí àgbààgbà tó ń wo ọmọdé. Àárín igbó yìí ni Yàsín ti dúró lórí ìjàlọ tí kò mọ̀. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kan ní Wólóòfù tí kò tíì fi kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ijó náà dára gan-an, a sì ti ń pàtẹ́wọ́ fún un kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀rín pa Màmá Háwá débi pé a ní láti gbé e jókòó sórí gbòǹgbò igi.

Lẹ́yìn igbó, àbàtà oko ìrẹsì ló kàn. Ẹrẹ̀ mu wá dé orúnkún. Bàtà mi kan dúró síbẹ̀, mo fọwọ́ wá a títí, mi ò rí i. Rakíà ní kí n bọ́ ìkejì sílẹ̀ fún un, kó má dá wà. Mo bọ́ ọ. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn, bíi ti ìgbà èwe mi lórí àpáta.

Bí a ṣe jáde nínú àbàtà náà, mo dúró. Pápá kan ló ṣí sílẹ̀ níwájú wa títí dé ibi tí ojú lè rí i dé, òdòdó ló sì kún un. Ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Òjò ló gbìn ín. Èyí tó pọ́n bí ìyeyè wà níbẹ̀, èyí tó funfun, èyí tó dà bí àlùkò, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀, labalábá sì bò ó. Mo kàn sá wọ inú rẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin, mo na apá méjèèjì, mo ń sáré kiri nínú òdòdó, mo ń pariwo. Yàsín tẹ̀ lé mi, Rakíà tẹ̀ lé Yàsín, nọ́ọ̀sì tí mi ò rí kó rìn kánkán rí. A dùbúlẹ̀ síbẹ̀, a ń mí gùlegùle, a ń wo ọ̀run. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, n kò bínú sí ọ̀run yẹn pé ó fẹ̀ jù.

Nígbà tí a dé etíkun, Rakíà na ọwọ́ sókè, ó ní òkè náà rèé.

Àpáta pupa kan ló dúró lórí iyanrìn. Kò ga ju ilé alájà mélòó kan lọ. Mo wò ó. Mo tún wò ó bóyá èyí tó kù wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, mi ò rí i ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo sọ fún wọn pé ní Ìgbẹ́tì, láfún la máa ń sá sórí irú èyí. Rakíà fẹ́ bínú, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó wá jẹ́wọ́ pé èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé tí a bá gba inú pápá lọ tààrà, a máa kàn rìn dé orí rẹ̀ ni, nítorí pé ilẹ̀ ló so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọ̀nà etíkun nìkan ló ní gígun.

Mo ní kí a gba ti pápá nígbà náà, nítorí Màmá.

Màmá Háwá fi igi rẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gba ẹ̀yìn kò gun nǹkan kan, pé ibi tí ìyá òun gbà ni òun máa gbà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé òkúta àkọ́kọ́. Orúnkún náà kọ̀ ọ́. Ó gbìyànjú ìkejì, ó tún kọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá dúró, ó ń wo òkè náà, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ pé òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún yìí. Mi ò rò ó. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ní, "Màmá, ẹ gùn mí."

Rakíà ní orí mi ti dàrú. Yàsín ti ń so ìró méjì pọ̀. Màmá rí tín-ín-rín, kò wúwo ju igi ìdáná tí mo máa ń rù sọ̀ kalẹ̀ lórí Ìyámọ̀pó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tàbí bóyá mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dì í mọ́ mi lẹ́yìn gbọingbọin bí ọmọ tuntun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síwájú mi tòun ti bàtà rọ́bà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹsẹ̀ mi mọ iṣẹ́ náà. Ibi tí ó yẹ kí àtàǹpàkò dì mú, ó dì í mú. Inú mi ń dùn, mò ń kọrin lábẹ́lẹ̀, Màmá ń gbá mi lórí pé kí n yára.

Ó kù díẹ̀ ká dé òkè nígbà tí òkúta wẹ́wẹ́ yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo fà sẹ́yìn. Mo gbọ́ igbe àwọn tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo Wólóòfù tí mo kọ́ ti sá lọ, èdè Àkú sá lọ, Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu mi.

"Ẹ dì mọ́ mi, Màmá, ẹ dì mọ́ mi."

Apá rẹ̀ méjèèjì wá yí mi lọ́rùn lójú ẹsẹ̀, ó rọ̀ mọ́ mi bí ẹni tó ti ń retí ọ̀rọ̀ náà. Mo rí gbòǹgbò kan dì mú. Mo fà wá sókè, ìgbésẹ̀ kan, òmíràn, títí mo fi fi orúnkún kúnlẹ̀ lórí koríko. Mo dojú bolẹ̀ síbẹ̀, Màmá ṣì wà lẹ́yìn mi, àwa méjèèjì ń mí.

Mo gbọ́ ọ létí mi. Ó ní, "Dìmómì. Níbo lo ti gbọ́ yẹn?"

Mo ní kí ni mo gbọ́. Ó ní dìmómì. Ó ní ìyá ìyá òun tó wá láti Fìrítáùn máa ń sọ ọ́ nígbàkigbà tó bá pọn òun: á máa gbá òun ní ìdí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa ní dìmómì, dìmómì. Rakíà àti àwọn tó kù ti gba ti pápá sáré wá bá wa. Rakíà ní nílé àwọn, tí ọmọdé bá ń sunkún, àwọn á ní wá kí n dìmómì rẹ, pé orúkọ tí àwọn ń pe ọmọ pípọ̀n nìyẹn, pé òun ti rò pé ilé àwọn nìkan ló ni ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ fún wọn pé èdè mi ni. Mo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: dì, mọ́, mi. Mo sọ ohun tó túmọ̀ sí.

Màmá Háwá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan tó ń dàgbà, tó mi èmi tó wà lábẹ́ rẹ̀ jìgìjìgì, títí Yàsín fi ní ṣé kò yẹ ká tú àwọn méjèèjì sílẹ̀. Wọ́n tú wa. Wọ́n tẹ́ ẹní, Màmá gbàdúrà, a ṣe àmín. A jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja sè, a mu omi ìṣápá pupa tí wọ́n ń pè ní wọ́ńjọ. Ní gbogbo ìgbà tí a ń jẹun, Màmá ń kó ọ̀rọ̀ jáde bí ẹni tó ń tú àpótí. Ògìrì ńkọ́? Mo ní tiwa ni. Ìyàwó ńkọ́? Tiwa ni. Kọ́mọjáde ńkọ́? Mo ní tiwa ni, Màmá. Nígbà tó bá mú èyí tí mi ò mọ̀ jáde, á fọwọ́ gbá a dànù, á mú òmíràn.

Mo jókòó tì í, mò ń wo òkun. Mo ti rò pé àjò ni mo wà, pé kò sí ohun kan níbẹ̀ tó mọ̀ mí. Àṣé èdè mi ti dé ṣáájú mi tipẹ́tipẹ́, ẹ̀yìn obìnrin kan ló gùn wá, wọ́n sì ti ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún ní Jọ́lọ́ọ̀fù Táùn kí wọ́n tó bí ìyá mi. Kò sọ mí di ọmọ ibẹ̀. Mo ṣì ń ṣàárò ilé lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo sì ń ṣàárò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ń dùn mí láti ìdí kànga lọ́jọ́ kejì tí mo dé rọ̀, mo sì tún bu ìrẹsì.

Nígbà tó tó àsìkò láti sọ̀ kalẹ̀, Màmá ní òun kò gùn mí mọ́. Ó jókòó, ó fi ìdí wọ́ wálẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń pariwo ayọ̀. Kí la máa ṣe? Gbogbo wa jókòó, a tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ kò pupa. A wọ inú òkun taṣọtaṣọ.

Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pé, Màmá Háwá ti ròyìn dé ojúlé gbogbo. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń wá sí ìsọ̀ wa wá wo ẹ̀yìn mi. Òkè náà ń ga sí i lẹ́nu ẹni tó bá tún ìtàn náà sọ. Yàsín sọ fún obìnrin kan pé ìkùukùu bò wá lójú ká tó dé òkè, mi ò sì já a nírọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró títí èrò fi dín kù. Ó bi mí pé ṣé kí òun lọ rí ọkùnrin ará èbúté yẹn lọ́la. Mo ní kó má tíì lọ.

"Kí ló dé?"

Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́sẹ̀ yìí.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Mo ní ó máa ṣì dùn mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.